Bí Ẹ Ṣe Lè Wọ Inú Ọ́pẹ́rà Òde Òní Látorí Íntánẹ́ẹ̀tì, Nínú Yàrá Yín

Iṣẹ́jú méjìlá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti fi líǹkì ọ́pẹ́rà (eré tí wọ́n ń fi orin sọ ìtàn rẹ̀) ránṣẹ́ sí máa ń já a sílẹ̀. Orí ibùsùn ni wọ́n ti máa ń tẹ̀ ẹ́, fóònù á wà láyà, fáànù á máa ké lókè, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa kùn lẹ́yìn ògiri. Obìnrin kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń mí, wọn ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ, WhatsApp á dún, eré tán nìyẹn. Tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, eré yẹn ò yé mi." Èmi mọ̀ pé kì í ṣe pé kò yé wọn. Wọn ò tíì wọlé ni.

Ọ́pẹ́rà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí òǹwòran ń jókòó síwájú ìtàgé wò. Àárín òǹwòran ni wọ́n kọ ọ́ sí: ohùn lè ti ẹ̀yìn yín wá, wọ́n lè ní kí ẹ yan ọ̀nà, akọrin lè rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín. Tí ẹ bá lọ síbẹ̀ fúnra yín, àwọn eléré ti bá yín ṣètò gbogbo rẹ̀. Nílé, ẹ̀yin lẹ máa ṣètò ẹ̀. Etí la sì fi ń ṣe é ju ojú lọ. Ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, tó wá ń fi sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́ orin, ibi tí kò yẹ ló náwó sí.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Hẹ́ẹ̀dfóònù tàbí íápíìsì oníwáyà, tí etí méjèèjì ń dún bákan náà. Olówó pọ́ọ́kú tí etí rẹ̀ méjèèjì pé sàn ju olówó ńlá tó ti kú lápá kan.
- Fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí bátìrì rẹ̀ kún, pẹ̀lú power bank.
- Dátà tó tó (mo ṣírò rẹ̀ sí ìpele kẹta).
- Àga. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì.
- Ìró tàbí aṣọ tó nípọn tí ẹ máa ta sójú fèrèsé.
- Ìwé kékeré àti bírò.
- Wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní pè yín. Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo wọn, pàápàá fún ìyá ọlọ́mọ. Ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ilé lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìpele kìíní: Ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Ibí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wáyé. Ohun tí ẹ máa pèsè fún oríṣi kan yàtọ̀ sí ti èkejì, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà làwọn èèyàn ń gbà ṣí gbogbo wọn.

Oríṣi kan jẹ́ fíìmù eré tí wọ́n ṣe nílé ọ́pẹ́rà. Ojúlé OperaVision, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń ràn lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017. Ọ̀fẹ́ ló ń gbé eré jáde láti ilé ọ́pẹ́rà káàkiri Yúróòpù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán. Eré kọ̀ọ̀kan máa ń wà níbẹ̀ fún oṣù díẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ bí ẹ ò bá tíì fẹ́ náwó.

Oríṣi kejì, etí nìkan ló wà fún, tàbí kí àwòrán rẹ̀ má ju díẹ̀ lọ. Ohùn binaural ni wọ́n sábà máa ń lò: wọ́n gbé makirofóònù sí ibi tí etí méjèèjì wà lára orí èèyàn tí wọ́n gbẹ́, kí ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lè mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Oríṣi kẹta ni fídíò 360, tí ẹ̀yin fúnra yín á máa yí orí láti wá ibi tí eré wà.

Oríṣi kẹrin ni mo fẹ́ràn jù: eré ọlọ́nà méjì. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ The Industry ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ Sweet Land ní gbangba, nínú ọgbà ìtura Los Angeles State Historic Park. Raven Chacon, ọmọ ẹ̀yà Diné (Navajo, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà), àti Du Yun, tí wọ́n bí sí Shanghai, ló kọ orin rẹ̀. Ìtàn Onílé àti Àlejò ni: àwọn kan wà lórí ilẹ̀ wọn, àwọn kan gúnlẹ̀ síbẹ̀, ìyókù ni ohun tí àlejò fi ojú onílé rí. Bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ti kọjá, wọ́n á pín òǹwòran sí méjì. Ìdajì á lọ síbi Àsè, ìdajì á lọ síbi Rélùwéè, kò sì sí ẹni tó lè rí méjèèjì nínú eré ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí àrùn kòrónà tì wọ́n mọ́lé ní oṣù kẹta, wọ́n ya eré náà sí fíìmù, ọ̀nà méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù nísàlẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ sọ ọ́ jáde ní gbólóhùn kan: "Wíwò ni", "gbígbọ́ ni", "yíyí orí ni", tàbí "yíyan ọ̀nà ni". Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ padà lọ ka àlàyé tó wà lábẹ́ eré náà.

Ìpele kejì: Aago àti tíkẹ́ẹ̀tì

Bí eré bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ ṣírò aago fúnra yín. Aago Nàìjíríà kì í yí padà láàárín ọdún, ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń yí. Aago 7:30 alẹ́ ní London jẹ́ 8:30 alẹ́ ní Èkó nígbà òtútù wọn, àmọ́ tó bá dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago kan náà la jọ ń lò. Aago 7:30 alẹ́ ní Berlin bá tiwa dọ́gba nígbà òtútù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, 6:30 ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Ti Los Angeles le jù: aago 7 alẹ́ níbẹ̀ jẹ́ aago 4 ìdájí lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, aago 3 ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin tó wà ní Kútọnu, aago kan náà la jọ ń lò. Ẹ̀yin ará Lomé, ẹ yọ wákàtí kan kúrò.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù kẹta àti ìgbà tí oṣù kẹwàá bá ń wọ oṣù kọkànlá. Ọjọ́ tí Amẹ́ríkà ń yí aago tiwọn kì í ṣe ọjọ́ tí Yúróòpù ń yí tiwọn, ìyẹn ló sì ń jẹ́ káwọn kan wọlé nígbà tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ìparí.

Tó bá jẹ́ eré tí wọ́n ń sanwó fún, ẹ sanwó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ó kéré tán. Káàdì náírà mi kan kọ̀ jálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ eré, ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé mi ò tíì ní kí báńkì ṣí i fún ìsanwó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ wo iye wákàtí tí tíkẹ́ẹ̀tì yín fi máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ láti fi "yẹ̀ ẹ́ wò" bí aago rẹ̀ bá máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

*Àyẹ̀wò:* Líǹkì wà nínú ímeèlì yín, ẹ rántí password, álááàmù sì wà lórí fóònù ní aago tiyín.

Ìpele kẹta: Dátà àti iná

Ìṣirò rẹ̀ ò le. 480p, 720p àti 1080p ni ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó, Mbps ni ìwọ̀n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe gbọ́dọ̀ yára tó. Fídíò 480p ń fẹ́ nǹkan bíi Mbps 1.1, ìyẹn dátà bíi ìdajì GB ní wákàtí kan. 720p ń fẹ́ Mbps 2.5, ó lé díẹ̀ ní GB 1 ní wákàtí. 1080p ń fẹ́ Mbps 5, ó lé ní GB 2. Fídíò 360 ló ń jẹ dátà jù, torí apá kékeré nínú àwòrán lẹ̀ ń rí lẹ́ẹ̀kan. Kó tó hàn dáadáa, ó di 4K (àwòrán tó mọ́ ju 1080p lọ), ìyẹn Mbps 20, ó sì lè gbé bíi GB 9 ní wákàtí kan.

Ìmọ̀ràn mi rèé, mi ò sì ní yí i padà: ẹ dín àwòrán kù sí 480p kí ohùn lè máa bọ̀ geere. Àwòrán tó ṣú díẹ̀ ò ba ọ́pẹ́rà jẹ́. Orin tó ń dúró, tó ń yí lójú kan, tó tún ń tẹ̀ síwájú, ó ti bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ fọwọ́ ara yín yan 480p, ẹ má fi í sí àdáṣe (Auto), torí àdáṣe á máa gòkè sọ̀kalẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mì.

Ní ti iná, ẹ má gbọ́kàn lé NEPA. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yín lè lo bátìrì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má tan jẹnẹrétọ̀ nítorí eré yìí. Ariwo rẹ̀ á gba inú hẹ́ẹ̀dfóònù kọjá. Tó bá jẹ́ ti aládùúgbò ló ń dún, aago 5 ìdájí lèmi máa ń lò fún eré tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ìlú á dákẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì yá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí fídíò míì lórí ojúlé kan náà ní 480p fún iṣẹ́jú márùn-ún, ní aago kan náà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá dúró lẹ́ẹ̀kan, ó ti tó.

Ìpele kẹrin: Etí

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Bí ẹ bá ṣe gbogbo ìyókù tí ẹ fo èyí, òde lẹ ṣì wà.

Ẹ lo oníwáyà bí fóònù yín bá ní ihò rẹ̀. Ohùn tó ń gba Bluetooth kọjá lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí: ẹ ó rí i pé ẹnu akọrin ti ń pa dé kí ohùn tó parí. Nínú orin jùjú, ẹ lè má fura. Nínú ọ́pẹ́rà, níbi tí èèyàn kan ti ń kọrin lójú kámẹ́rà, ó ń já èèyàn kúrò nínú eré.

Ẹ wo lẹ́tà L àti R lára hẹ́ẹ̀dfóònù. L ni òsì, R ni ọ̀tún. Ó dà bí ohun tí kò yẹ kéèyàn máa sọ, àmọ́ bí ẹ bá gbé e sódì, akọrin tó yẹ kó rìn lọ sọ́wọ́ ọ̀tún á máa lọ sósì, ojú àti etí yín á sì máa bá ara wọn jà láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú sẹ́tíńgì fóònù, apá Accessibility. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mono audio. Àwọn tí etí wọn kan ò gbọ́ràn ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń da ohùn òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ẹyọ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀, ohùn binaural kankan ò lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù náà. Èmi fi odindi alẹ́ kan bú eré kan pé irọ́ ni wọ́n ń pa, kò sí ohùn kankan tó ń yí mi ká. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń fi fóònù mi ṣeré ló ti tẹ̀ ẹ́.

Bí fóònù yín bá ní Dolby Atmos, Spatial Audio tàbí ohunkóhun tó ń fẹ ohùn lójú, ẹ pa á fún eré binaural. Àwọn eléré ti to ohùn náà sípò. Bí fóònù bá tún un tò, ńṣe ló máa dà bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin nínú ìkòkò.

Ní ti bó ṣe máa ròkè tó, ibi tí ohùn ìbẹ̀rẹ̀ tó rọlẹ̀ jù ti hàn sí yín díẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe gbogbogbòò ni pé èèyàn á gbé e sókè nígbà ìdákẹ́jẹ́, akọrin mẹ́rin á pariwo pọ̀ lójijì, á sì fa hẹ́ẹ̀dfóònù yọ. Àwọn olórin òde òní ń fi ìdákẹ́jẹ́ kọ orin ni. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ di ojú. Ẹ ṣí ohùn stereo (èyí tí òsì àti ọ̀tún rẹ̀ ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) tàbí binaural èyíkéyìí, kí ẹ fi ìka tọ́ka síbi tí nǹkan ti ń dún. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń dún láàárín orí, ẹ padà lọ wo Mono audio. Bí ìka yín bá ń rìn, ẹ ti wà létí ẹnu ọ̀nà.

Ìpele karùn-ún: Yàrá

Ẹ ta aṣọ sójú fèrèsé, ẹ pa gílóòbù, ẹ pa fáànù bí ooru ò bá pọ̀ jù. Ẹ fi fóònù kejì sí yàrá míì. Tó bá jẹ́ fóònù kan náà lẹ fẹ́ fi wò ó, ẹ tẹ Do Not Disturb, kí ẹ sì rí i pé ìpè náà ò lè wọlé.

Fún fídíò 360, àga tó ń yí ló dára jù, àpótí ìdáná náà á sì ṣe é. Ẹ má dúró lórí ẹsẹ̀ wò ó. Òyì lè kọ́ yín. Inú áàpù YouTube gan-an ni kí ẹ ti ṣí i lórí fóònù, kì í ṣe inú WhatsApp tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, torí àwòrán lè wá fẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀ láìyí.

*Àyẹ̀wò:* Tó bá jẹ́ fídíò 360, ẹ yí fóònù sọ́tùn-ún. Bí àwòrán ò bá yí, tó jẹ́ pé ìka nìkan ló ń fà á, fóònù náà ò ní ẹ̀rọ tó ń mọ ibi tó kọjú sí. Ẹ fi ìka fà á, kò burú, tàbí kí ẹ yá fóònù míì.

Ìpele kẹfà: Ọ̀rọ̀

Ẹ ka àkópọ̀ ìtàn kí ẹ tó wò ó. Ẹ kà á tán. Àwọn kan ń sá fún un pé á ba eré jẹ́. Nínú ọ́pẹ́rà, kì í bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ló máa ń ráyè gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, kódà bí wọ́n bá ń kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ gbọ́ dáadáa, torí ohùn tó ga máa ń jẹ ọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ má fi ojú lépa gbogbo ìlà. Ẹ wò ó fìrí, kí ẹ gbé ojú padà sí akọrin.

Àwa tí a mọ eré olórin Yorùbá bí Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, a ti mọ́ ọn lára kí ìlù àti oríkì máa sọ ẹni tó ń bọ̀ fún wa, kí a sì máa rí ibi tí a ti lè gbè é. Ẹ má retí ìyẹn níbí. Ẹ ó gbọ́ èémí, ẹ ó gbọ́ kí ohùn kan máa fa lẹ́tà kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ ó gbọ́ ohun tó jọ igbe ẹranko. Ẹ má béèrè pé "kí ló túmọ̀ sí?" nígbà náà. Ẹ béèrè pé, "Ta ni ohùn yìí sún mọ́, ta ló sì ń sá fún?"

*Àyẹ̀wò:* Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè sọ ìtàn náà fún ọmọ ọdún mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìpele keje: Ẹ yan ọ̀nà kan, ẹ dúró síbẹ̀

Ní ti eré ọlọ́nà méjì, ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣí ọ̀nà méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á máa fò síbí fò sọ́hùn-ún. Wọ́n gbà pé owó àwọn pé bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń ba ohun tí wọ́n sanwó fún jẹ́. Nínú Sweet Land, ohun tí ẹ ò rí jẹ́ ara eré. Ẹ̀yin tó lọ síbi Àsè máa kúrò níbẹ̀, ẹ máa gba oríta kan kọjá níbi tí Coyote méjì (ẹranko bí ajá igbó, ẹlẹ́tàn inú ìtàn) àti Wiindigo (iwin tó ń jẹ èèyàn nínú ìtàn àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà) wà, ẹ máa tún padà síbi Àsè. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí, ohun tí ẹ fojú yín rí lẹ́ẹ̀kìíní ti yí padà. Wọ́n ti fi nǹkan míì bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti fò lọ síbi Rélùwéè láàárín, ẹ ò ní mọ̀ pé wọ́n bo nǹkan kan.

Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí èèyàn méjì pín in. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ṣe é ní ilé wa n'Íbàdàn: ó wà ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú Rélùwéè, mo wà ní pálọ̀ pẹ̀lú Àsè, a jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó parí, ó jáde, ìró ló ta mọ́ra, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n ṣe fún àwọn Àlejò yẹn lọ́dọ̀ yín tí wọ́n fi le tó bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Oúnjẹ ni wọ́n fún wọn." Ó wò mí. Kò sí èyí tó gbàgbọ́ nínú wa pé eré kan náà la wò. A jókòó títí tí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kan ń sọ, ẹnì kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀, a ò tíì gbà fún ara wa láti wo ti ẹnì kejì.

Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kejì yín ná, kí ẹ tó fi ojú ara yín wò ó. Bí ẹ bá dá wà, ẹ wo ọ̀nà kan lónìí, kí ẹ fi ọjọ́ kan, ó kéré tán, sáàárín rẹ̀ àti èkejì. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín ò bá gba ọjọ́ méjì, ẹ wo ọ̀kan ní ìdájí, ẹ wo èkejì ní alẹ́.

Ẹ má dá eré dúró láàárín. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ẹ jókòó sínú òkùnkùn náà láìyọ hẹ́ẹ̀dfóònù. Bó bá dé, ẹ fà á padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú méjì péré, kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ní àárín eré, ẹ ó rí i pé ẹ ti yí orí lẹ́ẹ̀kan wo ẹ̀yìn yín, tàbí ẹ ti yọ hẹ́ẹ̀dfóònù díẹ̀ láti mọ̀ bóyá inú ilé yín ni ohun kan ti dún. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ẹ ti wọlé.

Ìpele kẹjọ: Lẹ́yìn tó bá parí

Ẹ má tan iná kíá. Ẹ má mú fóònù. Ẹ mú bírò, nínú òkùnkùn náà bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta: ohùn kan tí ẹ ṣì ń gbọ́, ibi tó ti dún sí yín lára (òsì, ẹ̀yìn, òkè), àti ohun kan tí kò yé yín rárá. Ẹ má tíì kọ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Nígbà tí ẹ bá padà wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ lọ tààrà síbi ohun tí kò yé yín yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, láìsí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ kẹta, kí ẹnì kan bi yín níbi tí obìnrin tó kọrin kẹ́yìn dúró sí. Bí ọwọ́ yín bá nà síbì kan nínú yàrá yín kí ẹ tó dáhùn, gbogbo ìpele yìí ló ṣiṣẹ́.